Àwòrán Ìbàdàn Àtijọ́ lórí Ayélujára: Ìdí tí Ẹ̀rọ Ìṣàwárí Kì í Fi Gbé Wọn Jáde àti Ọ̀nà Àbáyọ

Àṣamọ̀

Bébà yìí ṣàlàyé ìdí tí àwòrán tí a ti gbé sórí ìkànnì ayélujára kì í fi í jáde nígbà tí ènìyàn bá fi ẹ̀rọ ìṣàwárí bíi Google wá a. Àwòrán àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Ìbàdàn, ìyẹn Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Màpó àti Bẹyẹrúnkà, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. A fi hàn pé ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fà á: kí ẹ̀rọ má rí ọ̀nà dé ibi tí àwòrán wà, kí ó dé ibẹ̀ ṣùgbọ́n kí a má sọ fún un ohun tí àwòrán náà jẹ́, tàbí kí orúkọ tí a fi pè é yàtọ̀ sí èyí tí ẹni tó ń wá a tẹ̀. A to ìlànà àyẹ̀wò lẹ́sẹẹsẹ fún olùkọ́, a sì dábàá pé kí a lo àròkọ aṣàpèjúwe tí à ń kọ́ ní kíláàsì fún iṣẹ́ náà.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí olùkọ́ bá ń kọ́ni ní ìtàn Ìbàdàn, kò tó kí ó sọ pé Gbọ̀ngàn Màpó wà lórí òkè àti pé ọdún 1929 ni wọ́n ṣí i. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú rí i. Èyí tí kò sí nítòsí Ìbàdàn yóò mú fóònù, yóò tẹ orúkọ àdúgbò náà, yóò sì wo àwòrán tí yóò jáde.

Kí ni yóò rí? Bí ó bá tẹ Mapo nìkan, ó ṣeé ṣe kí oúnjẹ ilẹ̀ Ṣáínà kan tí wọ́n ń fi ẹ̀wà sóyà sè, tí ó ń jẹ́ mapo, kọ́kọ́ yọ sí i, tàbí kí ó rí àwòrán Mapo tí í ṣe àgbègbè kan ní ìlú Seoul ní ilẹ̀ Kòríà. Bí ó bá tẹ bere, irúfẹ́ ọkà báálì kan wà tí wọ́n ń gbìn ní àríwá ilẹ̀ Scotland tí ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ní èdè Ítálì ẹ̀wẹ̀, ‘mu’ ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jáde láti inú ìṣàwárí bẹ́ẹ̀ lè gbà pé kò sí ohun tí ń jẹ́ Bẹẹrẹ láyé, àfi ní ẹnu olùkọ́ rẹ̀.

Ohun tí ó ta wá jí sí ọ̀rọ̀ yìí ni iṣẹ́ kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe lábẹ́ wa. Wọ́n ya àwòrán ọjà, agbo ilé àti òpópónà ní àdúgbò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a dárúkọ, wọ́n sì gbà wọ́n sórí ìkànnì kan tí a bẹ ẹnìkan ní ọ̀wẹ̀ láti ṣe fún wa. Oṣù ń gorí oṣù, kò sí ẹyọ kan tí ó jáde nínú ìṣàwárí. Èrò tí ó gba ọkàn wa nígbà náà ni pé àwọn tó ni ẹ̀rọ náà kò ka èdè Yorùbá sí. Nígbà tí a wá tú ọ̀rọ̀ náà wò, a rí i pé àwa fúnra wa ni a ti ilẹ̀kùn. A ṣí i tán, díẹ̀ jáde, púpọ̀ kò jáde, nítorí pé a kò kọ nǹkan kan mọ́ wọn. A kọ ọ́ tán, ó tún ku àwọn tó jẹ́ pé àkọtọ́ tí a lò kọ́ ni àwọn ènìyàn fi ń wá wọn. Ìpele mẹ́ta yìí ni a ó gbé yẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan.

2.0 Bí Ẹ̀rọ Ìṣàwárí Ṣe Ń Rí Àwòrán

Ní oṣù Keje ọdún 2001 ni Google dá ìṣàwárí àwòrán sílẹ̀. Eric Schmidt, tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà rí, sọ ọ́ ní ọdún 2015 pé aṣọ kan tí olórin Jennifer Lopez wọ̀ lọ síbi ayẹyẹ Grammy ní ọdún 2000 ló fa ọ̀rọ̀ náà: aṣọ ni àwọn ènìyàn fẹ́ rí, ọ̀rọ̀ nípa aṣọ kọ́. Bí ènìyàn bá ti ń wá ohun tí yóò fi ojú rí, ẹ̀rọ ní láti mọ ohun tí àwòrán kọ̀ọ̀kan jẹ́.

Iṣẹ́ náà pín sí mẹ́ta. Èkíní, ètò kọ̀ǹpútà kan máa ń lọ láti ojú-ìwé dé ojú-ìwé lórí ayélujára, ó ń tẹ̀lé àwọn ìsopọ̀ tí ó bá rí. Alárìnkiri ni a ó máa pe ètò yìí nínú bébà yìí. Googlebot ni orúkọ ti Google. Èkejì, ohun tí alárìnkiri bá rí ni ẹ̀rọ yóò tò sínú àkójọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ṣe ń to káàdì ìwé. Ẹ̀kẹta, bí ènìyàn bá tẹ ọ̀rọ̀, inú àkójọ yìí ni ẹ̀rọ ń wò, kì í ṣe inú ayélujára fúnra rẹ̀. Ohun tí kò bá sí nínú àkójọ kò lè jáde, bó ti wù kí ó dára tó.

Ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí pé ọ̀rọ̀ ni ẹ̀rọ fi ń mọ àwòrán ní pàtàkì. Ó ń wo orúkọ fáìlì, ọ̀rọ̀ tí a fi pamọ́ sẹ́yìn àwòrán, àkọlé abẹ́ àwòrán, àkòrí ojú-ìwé àti gbólóhùn tí ó yí àwòrán ká. Lóòótọ́, ẹ̀rọ òde òní ń gbìyànjú láti dá ohun tí ó wà nínú àwòrán mọ̀ fúnra rẹ̀. Ó lè mọ̀ pé ilé ni, tàbí pé ọjà ni. Gbọ̀ngàn tí òkìkí rẹ̀ kàn bíi ti Màpó tilẹ̀ lè má ṣòro fún un. Ṣùgbọ́n kò sí bí yóò ṣe mọ̀ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ní Bẹyẹrúnkà ni òun ń wò bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un.

3.0 Ilẹ̀kùn tí a Tì

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a béèrè ni bóyá alárìnkiri lè dé ọ̀dọ̀ àwòrán náà rárá. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ló ní fáìlì kékeré kan tí ń jẹ́ robots.txt. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bíi ti ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà: ó ń sọ fún alárìnkiri ibi tí ó lè wọ̀ àti ibi tí kò gbọdọ̀ wọ̀. Bí wọ́n bá kọ Disallow: /images/ sínú rẹ̀, àwòrán kan kò ní jáde láti inú àpò fáìlì yẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa gan-an nìyẹn. Ẹni tí ó ṣe ìkànnì náà ti àpò àwòrán nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, ó sì gbàgbé láti ṣí i. Ènìyàn tí ó bá wọlé ń rí àwòrán náà dáadáa. Ìdí nìyí tí a kò fi tètè fura.

Ilẹ̀kùn kejì ni ọ̀rọ̀ noindex. Inú ojú-ìwé gan-an ni èyí máa ń wà, ó sì ń sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó má ṣe to ojú-ìwé náà sínú àkójọ. Àwọn ètò tí a fi ń ṣe ìkànnì lónìí sábà máa ń ní ibi tí a ti lè fọwọ́ kan èyí láìmọ̀. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ aṣínà. Àwòrán tí ó wà ní ojú-ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọ̀ kò ní jáde, nítorí pé alárìnkiri kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Bákan náà ni àwòrán tí a fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ lórí WhatsApp: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló rí i. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń sọ pé àwọn ti gbé àwòrán sórí ayélujára nígbà tí ó jẹ́ pé WhatsApp ni wọ́n gbé e sí.

Ìkẹrin jẹ mọ́ bí a ṣe fi àwòrán sí ojú-ìwé. Bí a bá lo àmì <img>, ẹ̀rọ mọ̀ pé àwòrán ni. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́ ẹ sẹ́yìn ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀ṣọ́ pẹ̀lú CSS, Google kì í tò ó sínú àkójọ àwòrán. Àwọn ìkànnì mìíràn sì wà tí àwòrán kì í yọ àfi bí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnnì tàbí kí ó yí ojú-ìwé wálẹ̀. Alárìnkiri kì í tẹ bọ́tìnnì, kì í sì í yí ojú-ìwé bí ọmọ ènìyàn. Bí a kò bá ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ bó ti yẹ, òfìfo ni yóò bá.

Ìkarùn-ún ni àdírẹ́sì tí kò pé. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ń gba ìkànnì sílé ló ń fi ìyàtọ̀ sáàárín lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré. Bí fáìlì bá ń jẹ́ Mapo.JPG, tí ojú-ìwé sì ń wá mapo.jpg, kò ní rí i, bí ó tilẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é.

4.0 Àwòrán tí kò ní Orúkọ

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kámẹ́rà kì í wo ilé kí ó tó sọ àwòrán lórúkọ, DSC_0147.jpg ni yóò pè é. Bí a bá gbé e sórí ìkànnì bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kò rí nǹkan kan kọ́ nínú orúkọ rẹ̀. Ó sàn kí a pè é ní gbongan-mapo-ibadan.jpg.

Èyí tí ó tún ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọ̀rọ̀ tí a ń kọ sí ibi tí ń jẹ́ alt nínú àmì <img>. Ó wúlò púpọ̀ fún ẹni tí kò ríran. Bí afọ́jú bá ń lo kọ̀ǹpútà tí ń kàwé sókè, ọ̀rọ̀ alt ni yóò gbọ́ dípò àwòrán. Ẹ̀rọ ìṣàwárí náà dà bí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ó ń gbọ́kàn lé. Ẹ jẹ́ kí a fi mẹ́ta wé ara wọn:

(a) alt="àwòrán"
(b) alt="Ìbàdàn Mapo Ibadan Hall Bere Ojaba àwòrán Ìbàdàn"
(d) alt="Gbọ̀ngàn Màpó lórí òkè ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn òpó gíga níwájú rẹ̀"

Àpẹẹrẹ (a) kò sọ nǹkan kan. Àpẹẹrẹ (b) kó orúkọ jọ bí ẹni ń kó ìgbálẹ̀. Google ti kìlọ̀ pé òun lè ka irú rẹ̀ sí ẹ̀tàn, kò sì ní ìtumọ̀ létí afọ́jú. Àpẹẹrẹ (d) jẹ́ gbólóhùn tí ènìyàn lè sọ fún ènìyàn. Irú rẹ̀ ni a ń fẹ́.

Lẹ́yìn alt ni àkọlé abẹ́ àwòrán, tí gbogbo òǹkàwé ń rí. Ibẹ̀ ni a ti lè sọ ìtàn díẹ̀: ibi tí a ti yà á, ọdún tí a yà á, ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. A ní láti kìlọ̀ fún àwọn tí ń kọ orúkọ àdúgbò sí ara àwòrán gan-an pẹ̀lú àwọ̀ mèremère. Ojú ènìyàn ń rí i, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a gbójú lé e pé ẹ̀rọ yóò kà á. Ọ̀rọ̀ tí a bá fẹ́ kí ó kà, kí a tẹ̀ ẹ́ sójú ìwé.

5.0 Ìṣòro Àkọtọ́

Ìpele yìí ni ó kan onímọ̀ èdè Yorùbá jùlọ. Àdúgbò kan ṣoṣo lè ní ọ̀nà púpọ̀ tí a ń gbà kọ orúkọ rẹ̀. Ọjà tí ó wà nísàlẹ̀ Màpó ni ẹ wò. Orúkọ Ìba Olúyọ̀lé ni ó rọ̀ mọ́: Ọjà Ìba ni a sún kì tí ó di Ọjà'ba. Síbẹ̀, Ojaba, Oja'ba, Oja-Iba àti Oja Oba ni à ń rí lára pátákó àti nínú ìwé. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí burú jù fún ìṣàwárí, nítorí pé Ọjà Ọba wà ní Àkúrẹ́, ó wà ní Ìlọrin, ó sì wà ní ìlú Yorùbá mìíràn. Bí a kò bá fi Ìbàdàn kún un, ọjà onílé yóò pòórá sáàárín ọjà àlejò.

Bẹẹrẹ náà ń kọ́? Àwọn kan ń kọ Bere, àwọn kan ń kọ Beere. Bí a bá yọ àmì abẹ́ lẹ́tà kúrò, kò sí ohun tí ó fi ìyàtọ̀ hàn láàárín orúkọ àdúgbò yìí àti ọ̀rọ̀-ìṣe ‘béèrè’ tàbí ‘bẹ̀rẹ̀’. Ẹ̀rọ ìṣàwárí máa ń ka ọ̀rọ̀ tó ní àmì àti èyí tí kò ní àmì sí ọ̀kan náà nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà gbogbo.

Ohun kan tún wà tí ojú kì í rí. Nínú ìlànà Unicode, lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ tí ó ní àmì òkè kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà lè tọ́jú ‘ẹ́’ gẹ́gẹ́ bí ẹ pẹ̀lú àmì òkè, tàbí é pẹ̀lú àmì abẹ́, tàbí e lásán pẹ̀lú àmì méjèèjì. Unicode fúnra rẹ̀ ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ohun kan náà. Àmọ́ bí ó bá di orúkọ fáìlì, kọ̀ǹpútà tí ó gba ìkànnì sílé lè kà wọ́n sí orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn mìíràn sì ń fi ìlà kékeré tí ó nàró sí abẹ́ lẹ́tà dípò kíún. Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá sí àmì kíún lójú kọ̀ǹpútà. Nínú àdírẹ́sì, lẹ́tà ẹ nìkan ń di %E1%BA%B9. Ìdí nìyí tí a fi dámọ̀ràn pé kí orúkọ fáìlì jẹ́ lẹ́tà kékeré tí kò ní àmì kankan.

Àwọn ìwé tí a fi fọ́ńtì àtijọ́ tẹ̀ náà ní ìṣòro tiwọn. Ṣáájú kí Unicode tó gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ fọ́ńtì Yorùbá ni wọ́n ṣe nípa pípààrọ̀ àwòrán àmì mìíràn sí ti lẹ́tà wa. Lójú wa, ẹ ni; nínú kọ̀ǹpútà, àmì àjèjì kan ni. Bí a bá da irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí abẹ́ àwòrán, ẹ̀rọ kò ní rí Bẹẹrẹ níbẹ̀ rárá. Ó pọn dandan kí a tún un tẹ̀.

Ṣé kí a wá pa àmì tì nítorí ẹ̀rọ? Rárá o. Ọ̀nà tí a fara mọ́ ni pé kí alt àti àkọlé wà ní àkọtọ́ Yorùbá tí ó pé, kí a sì fi àkọtọ́ tí gbogbo ayé ń lò hun un lẹ́ẹ̀kan, bí àpẹẹrẹ: ‘Ọjà'ba, tí ọ̀pọ̀ ń kọ ní Oja Oba, ní Ìbàdàn’. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó tẹ àkọtọ́ tí kò pé yóò dé ibẹ̀, yóò sì bá èyí tí ó tọ́ níbẹ̀.

6.0 Ìlànà Àyẹ̀wò

Bí àwòrán kò bá jáde, kí olùkọ́ tẹ̀lé ìlànà yìí lẹ́sẹẹsẹ. Kò sí èrè nínú títún àkọlé kọ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì.

i. Kí ó ṣí àdírẹ́sì àwòrán náà nìkan. Bí kò bá ṣí, àdírẹ́sì tàbí orúkọ fáìlì ló ní àléébù.
ii. Kí ó fi /robots.txt sí ẹ̀yìn orúkọ ìkànnì, kí ó sì wò bóyá a ti àpò àwòrán.
iii. Kí ó wo ìkọ̀wé ẹ̀yìn ojú-ìwé. Kí ó wá noindex, kí ó sì rí i dájú pé <img> ni a lò.
iv. Nínú ìṣàwárí àwòrán, kí ó tẹ site: kí ó sì so orúkọ ìkànnì mọ́ ọn láìfi àyè sílẹ̀. Èyí kì í kó gbogbo ohun tí ó wà nínú àkójọ jáde, ṣùgbọ́n bí nǹkan kan bá yọ, a mọ̀ pé ẹ̀rọ ti dé ibẹ̀.
v. Kí ẹni tí ó ni ìkànnì lo Google Search Console, tí ń jẹ́ Webmaster Tools títí di ọdún 2015. Ọ̀fẹ́ ni. Ó ń sọ bóyá ojú-ìwé wà nínú àkójọ àti ohun tí ó dí i lọ́wọ́.
vi. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó yẹ orúkọ fáìlì, alt, àkọlé àti àkọtọ́ wò.
vii. Kí ó ní sùúrù. Ó lè gba ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí alárìnkiri tó padà wá.

Bí gbogbo èyí bá pé tí àwòrán kò sì jáde síbẹ̀, ó lè jẹ́ pé irú rẹ̀ wà lórí ìkànnì mìíràn tí òkìkí rẹ̀ ju tiwa lọ. Ẹ̀rọ sábà máa ń mú ọ̀kan nínú àwòrán tó bá ara wọn mu. Àwòrán tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ yà sàn ju èyí tí ó gé láti ibòmíràn lọ, kò sì ní mú ẹjọ́ ẹ̀tọ́ oní-ǹkan dání. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kò bá ní ìkànnì tirẹ̀, Wikimedia Commons, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2004, ń gba àwòrán lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì gba àpèjúwe ní èdè Yorùbá, bí ẹni tó yà á bá ti gbà kí àwọn ẹlòmíràn lò ó.

7.0 Ohun tí ó Kan Olùkọ́ Yorùbá

Ẹni tí ó mọ kọ̀ǹpútà lè ṣí robots.txt ní ìṣẹ́jú kan. Kò lè kọ àpèjúwe Ọjà'ba bí kò bá mọ Ọjà'ba. Iṣẹ́ olùkọ́ èdè nìyẹn. Àròkọ aṣàpèjúwe wà nínú iṣẹ́ tí à ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama àti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ọ́ fún olùkọ́ nìkan, tí yóò fún un ní máàkì tí yóò sì jù ú sí kọ̀rọ̀. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ya àwòrán kan ní àdúgbò rẹ̀, kí ó fi gbólóhùn kan ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ẹni tí kò ríran, kí ó sì fi ìpínrọ̀ kan sọ ìtàn rẹ̀ ní àkọtọ́ tó péye, a ti kọ́ ọ ní àròkọ, àmì ohùn àti ìtàn ìlú lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí a kò bá sì kọ ọ́, àwòrán náà kò ní ṣàìní orúkọ. Ẹlòmíràn ni yóò sọ ọ́. Àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà tí a ń rí láti orí òkè Màpó, tí wọ́n jẹ́ agbo ilé àwọn jagunjagun àti àrọ́mọdọ́mọ wọn lójú wa, ilé àwọn tálákà lásán ni àjèjì tí ó ya àwòrán wọn lè kọ sí abẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó bá kọ ni ẹ̀rọ yóò gbàgbọ́, nítorí pé òun nìkan ni ó sọ̀rọ̀. Ohun náà ni ọmọ wa yóò sì kà.

8.0 Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn nínú bébà yìí pé ẹ̀rọ ìṣàwárí kò kórìíra Yorùbá. Ilẹ̀kùn tí a tì, àwòrán tí a kò sọ lórúkọ àti àkọtọ́ tí kò bára mu ni ó sábà ń fa àìjáde àwòrán wa, a sì lè tún gbogbo wọn ṣe. Àbá wa ni pé kí ẹ̀ka Yorùbá ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ fi àpèjúwe àwòrán kún iṣẹ́ ṣíṣe akẹ́kọ̀ọ́ NCE, kí olùkọ́ kan ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa yẹ àkọtọ́ wọn wò kí a tó gbé wọn jáde, kí ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka kọ̀ǹpútà sì jọ máa ṣe àyẹ̀wò ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́ ní sáà kọ̀ọ̀kan. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò tí ó sún mọ́ wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá tẹ Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn ní ọ̀la yẹ kí ó rí Bẹẹrẹ.